Ẹ̀wọ̀n ṣáájú ẹjọ́: ibi tí ọ̀rọ̀ òmìnira àwọn oníròyìn dé ní Nàìjíríà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá láti Èkìtì wá gbé lọ́yà Dele Farotimi ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì torí ìwé kan tó kọ. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn le, ó fi ẹ̀sùn tó wúwo kan àgbà lọ́yà Afẹ Babalọla lórí ìdájọ́ kan ní Supreme Court, baba sọ pé irọ́ gbuu ni, pé wọ́n fẹ́ ba orúkọ tóun ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́. Farotimi lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àtìmọ́lé kó tó jáde, béèlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ní láti gbà, N50 mílíọ̀nù ní Federal High Court, N30 mílíọ̀nù ní kóòtù májísíréètì. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025 àwọn ọba wa lọ bẹ baba, Ọ̀ọ̀ni ló ṣáájú wọn, baba gbà, ó ní òun ò bá a ṣẹjọ́ mọ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìjà parí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀. Kò sí adájọ́ kankan tó jókòó gbọ́ ẹ̀rí dópin kó wá sọ fún wa pé òótọ́ lohun tó wà nínú ìwé yẹn tàbí irọ́ ni. Ẹni tó kọ̀wé ti sun àtìmọ́lé tán, ẹni tí wọ́n kọ̀wé nípa ẹ̀ ò rí ìdájọ́ kankan gbà tó máa dá a láre, àwa tá à ń wò náà ò mọ èwo ni ká gbàgbọ́. Ìyà ti wáyé, ẹjọ́ ò wáyé. Tẹ́ ẹ bá wo ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin akọ̀ròyìn àti agbófinró lórílẹ̀-èdè yìí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ tú palẹ̀, torí àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń sọ ọ́ bíi pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ṣé ó yẹ kí ààlà wà fún ọ̀rọ̀ ẹnu àbí kò yẹ. Ààlà gbọ́dọ̀ wà, ta ló ń jiyàn ìyẹn? Ohun tó ń ká mi lára ni pé ta ló ń fa ààlà ọ̀hún, ìgbà wo ló ń fà á, àti kí ni wọ́n máa ń fi ojú èèyàn rí kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ kọjá ààlà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé òfin. Section 39 nínú Constitution 1999 ló fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tiwa, ká sọ ọ́ jáde, ká gba ìròyìn ká sì fi tó ẹlòmíì létí láìsí ìdíwọ́, kì í sì í ṣe akọ̀ròyìn nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹni tó ń kọ nǹkan sórí Facebook lálẹ́ náà wà ńbẹ̀. Section 22 tún wá sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn wà lómìnira nígbà gbogbo láti mú kí ìjọba máa jíhìn fáráàlú. Ó dùn ún gbọ́ gan-an, àmọ́ inú Chapter II ni section 22 wà, section 6(6)(c) sì ti sọ pé ohun tó bá wà ní Chapter II, kóòtù ò lè fi dá ìjọba lẹ́jọ́. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣèlérí, wọn ò wá fún wa ní ohun tá a máa fi béèrè ẹ̀. Section 39 tó ṣe é gbé lọ sí kóòtù náà ò dá dúró, section 45 ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ó ní ìjọba lè ṣe òfin tó máa dín ẹ̀tọ́ yìí kù tó bá jẹ́ torí ààbò ìlú, àlàáfíà, ìwà tó tọ́, ìlera tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, tó bá ṣáà ti jẹ́ òfin tó bọ́gbọ́n mu nínú ìjọba àwa-ara-wa. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí òun gan-an ni àwọn aláṣẹ máa ń fò tí wọ́n bá ń ka section 45 sí wa létí.

Ìjà yìí ti pẹ́. Iwe Irohin tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1859 ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1903 òyìnbó ti gbé Newspaper Ordinance jáde ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó sì ní owó ìdúró nílẹ̀, nígbà tó sì di 1909 wọ́n gbé òfin sedition dé, òfin tó sọ pé tó o bá sọ ohun tó lè mú káwọn èèyàn kórìíra ìjọba, ọ̀daràn ni ẹ́. Herbert Macaulay fojú winá ẹ̀ka òfin tó jọ ọ́, lọ́dún 1928 wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 6 torí ohun tí ìwé ìròyìn ẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ ọba Èkó, Eshugbayi Eleko, tí òyìnbó ti lé kúrò nílùú.

Òyìnbó lọ, òfin ẹ̀ ò lọ. Nígbà ìjọba Shagari wọ́n rán Arthur Nwankwo lẹ́wọ̀n oṣù 12 lábẹ́ òfin sedition yìí kan náà torí ìwé tó kọ nípa gómìnà Anambra, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu ló dá a sílẹ̀, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ ọ́ kedere pé òfin tí àwọn amúnisìn ṣe láti fi dáàbò bo ara wọn ò bá Constitution wa mu mọ́, àti pé a kì í ṣe àwùjọ tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yẹn. Ìdájọ́ yẹn dùn mọ́ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Criminal Code, section 50 dé 52, sedition ṣì wà ńbẹ̀ kedere, kò sẹ́ni tó yọ ọ́.

Àwọn ṣọ́jà tiẹ̀ ò fi òfin da ara wọn láàmú, òfin wo? Ọdún 1973 ní Port Harcourt, Minere Amakiri tó ń ṣiṣẹ́ fún Nigerian Observer kọ ìròyìn nípa ìhónú àwọn tíṣà, ìròyìn ọ̀hún wá jáde ní ọjọ́ ìbí gómìnà ológun, Alfred Diete-Spiff. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n fá irun orí ẹ̀, wọ́n fi ẹgba nà án 24. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò ju pé ìròyìn ẹ̀ ba ayẹyẹ jẹ́. Amakiri pẹjọ́, ó sì borí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Decree 4 ti ọdún 1984 dé, nígbà tí Buhari jẹ́ olórí ìjọba ológun, èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi, torí kò béèrè pé ṣé òótọ́ lohun tó o kọ, tó bá ṣáà ti kó ẹ̀gàn bá ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, ó parí. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian kọ nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú lókè òkun, wọ́n fi àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n ọdún kan, ìwé ìròyìn wọn sì san N50,000, owó gidi nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986 ni bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú Newswatch, nínú ilé ẹ̀ ní Ìkẹjà, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí kò sẹ́ni tí kóòtù dá lẹ́bi ikú ọkùnrin yẹn. Nígbà Abacha, Kunle Ajibade, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles-Obi lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1995, wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀gbàjọba, ìròyìn ni wọ́n kọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé àṣà wa náà ni kò gbà ká máa la ojú mọ́ àwọn aláṣẹ. Rárá o. Ní ọdún Òkèbàdàn n'Íbàdàn àti lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣíde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọba, ìjòyè àti olówó ni wọ́n ń fi orin bú ní gbangba, ìwà tí wọ́n hù níkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń kọ lórin, àwọn baba wa ló sì sọ pé ọba kì í mú ọ̀kọrin. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí ò ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n, ibòmíì ni ìbínú yẹn máa gbà jáde.

Tá a bá wá dé orí ìjọba alágbádá yìí, a lè rò pé ó ti tán, ṣebí kò sí ṣọ́jà mọ́. Ohun èlò ló yí padà. Lọ́dún 2015, Jonathan bu ọwọ́ lu Cybercrimes Act kó tó fipò sílẹ̀, òfin tó yẹ kó wà fún àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, tó ń jí owó inú báńkì, tó ń fi àwòrán ọmọdé ṣe ìṣekúṣe. Section 24 inú ẹ̀ ló wá di pàṣán. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn, tó o bá fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ránṣẹ́ tó o mọ̀ pé irọ́ ni láti fi bí ẹnì kan nínú, láti fi ni ín lára, láti fi bú u tàbí láti fi kó àníyàn bá a, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí N7 mílíọ̀nù tàbí méjèèjì. Ẹ rò ó wò, láti bí ẹnì kan nínú! Ìròyìn wo ló dáa tí kì í bí ẹnì kan nínú? Ẹni tó jí owó ilé ìwọ̀sàn, ṣé inú ẹ̀ máa dùn tí wọ́n bá kọ ọ́ síta ni? Wọ́n máa sọ pé ṣebí ó ní láti jẹ́ irọ́ tó o mọ̀ pé irọ́ ni, òótọ́ ni, àmọ́ kóòtù ló máa yẹ ìyẹn wò, ọlọ́pàá tó wá gbé ẹ ò ní dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ọ́ ní oṣù Kẹta 2022 pé section 24 yìí tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ó tó ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó tún un ṣe, oṣù Kejì 2024 ni Tinubu bu ọwọ́ lu àtúnṣe náà, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ bínú-bínú yẹn kúrò, ó wá ku irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti fi da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíì wewu. Lórí ìwé, ó sàn. Gbogbo wa la yọ̀ nígbà yẹn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n tún òfin yẹn ṣe tí àwọn ológun wá gbé Segun Olatunji, olóòtú FirstNews, nílé ẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹta 2024, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìdílé ẹ̀ ò mọ ibi tó wà, nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀ abẹ́ bíríjì kan ní Abuja ni wọ́n já a sí, kò sí ẹ̀sùn, kò sí kóòtù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn FIJ (Foundation for Investigative Journalism), di àwátì ní Èkó, lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni wọ́n gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló wà, Cybercrimes Act kan náà ni wọ́n nà jáde, ìròyìn tó kọ lórí owó iṣẹ́ kíkọ́ kíláàsì ló fa wàhálà náà. Wọ́n gbé e dé Abuja, ó sì lò tó ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi ariwo bolẹ̀. Section 35 nínú Constitution sọ pé kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan tó bá jẹ́ pé kóòtù wà nítòsí, ọjọ́ méjì tó bá jìnnà. Èkó ni wọ́n ti mú un, ìlú tí kóòtù pọ̀ sí bí nǹkan míì.

Ẹjọ́ tó tiẹ̀ tún fi gbogbo ẹ̀ hàn jù ni ti Agba Jalingo, ẹni tó ni CrossRiverWatch. Ó kọ nípa owó kan tó jẹ mọ́ báńkì ìjọba Cross River, wọ́n mú un ní oṣù Kẹjọ 2019, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ẹ̀sùn tó wúwo gidi. Ọjọ́ 179 ló lò látìmọ́lé. Lọ́dún 2021 ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kí ìjọba san N30 mílíọ̀nù fún un torí bí wọ́n ṣe fìyà jẹ ẹ́, nígbà tó di 2022 kóòtù wá dá a sílẹ̀ pátápátá. Adájọ́ ti sọ pé kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa dá ọjọ́ 179 yẹn padà fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé tí kò bá ṣẹ̀ kóòtù máa dá a sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí Jalingo. Akọ̀ròyìn tó wà ní ìlú tó kàn, tó ní ìtàn gómìnà tiẹ̀ lọ́wọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni halẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ó ti rí i.

Kì í sì í ṣe akọ̀ròyìn nìkan. Ní oṣù Kejìlá 2024 wọ́n gbé ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin kan dé Federal High Court ní Abuja torí fídíò tó ti ń fi èdè Yorùbá ṣẹ́ èpè lé ọmọ ààrẹ àti ọ̀gá ọlọ́pàá lórí. Èmi ò fara mọ́ èpè o, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ ẹ lé ọmọ tèmi lórí, ṣùgbọ́n gbogbo wa tá a gbọ́ Yorùbá la mọ̀ pé ohun tí ẹni tí inú ń bí tí kò sì lágbára kankan máa ń ṣe nìyẹn, ó ń fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run ni, kò gbé ìbọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS gbé ajàfẹ́tọ̀ọ́ Omoyele Sowore lọ sí kóòtù torí pé ó pe ààrẹ ní ọ̀daràn lórí X àti Facebook, wọ́n tiẹ̀ kó àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì mọ́ ọn nínú ẹ̀sùn. Bú-ààrẹ-kó-o-dèrò-kóòtù, ǹjẹ́ èyí jìnnà sí òfin 1909?

Ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tún yàtọ̀, torí àwọn yẹn ní láìsẹ́ǹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìjọba, NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, sì ni ọ̀gá wọn. Lọ́dún 2020 NBC gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti N500,000 sí N5 mílíọ̀nù, Nigeria Info tó wà ní Èkó ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, torí ohun tí àlejò wọn sọ lórí ètò. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, AIT, Channels àti Arise, N3 mílíọ̀nù ni wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn san, wọ́n ní wọ́n lo fídíò tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì wádìí ẹ̀ dáadáa. Media Rights Agenda, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn oníròyìn, ló gbé NBC lọ sí kóòtù lórí irú owó ìtanràn báyìí, ní oṣù Karùn-ún 2023 Adájọ́ James Omotosho ní Abuja sọ pé NBC ò lágbára láti bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni, pé kóòtù nìkan ló lè fìyà ẹ̀ṣẹ̀ jẹni. Ìdájọ́ tó dáa nìyẹn, torí NBC ló ń fẹ̀sùn kàn wọ́n, òun ló ń dá wọn lẹ́bi, òun náà ló tún ń gba owó. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, NBC kọ̀wé sí gbogbo ilé rédíò pé wọn ò gbọ́dọ̀ lu orin tuntun kan tí olórin Eedris Abdulkareem fi bá ìjọba wí, nígbà tó di oṣù Kẹjọ gómìnà Niger ní kí wọ́n ti Badeggi FM pa, NBC fúnra ẹ̀ ló jáde sọ pé gómìnà ò lágbára bẹ́ẹ̀. Twitter náà ń kọ́, tí wọ́n tì pa fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kìíní 2022, oṣù 7 gbáko, tí ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kò bófin mu? Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi Twitter tajà nígbà yẹn ò tiẹ̀ bá òṣèlú kankan ní nǹkan ṣe.

Èyí tí kò ní ariwo ló tún burú jù lọ, kò sì ní ọjọ́, kò ní nọ́ńbà ìwé ẹjọ́. Ilé rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ kì í ka ìròyìn tó bá gún gómìnà lára, gbogbo wa la mọ̀. Ti àwọn aládàáni, ọ̀pọ̀ nínú wọn, olóṣèlú ló ni ín tàbí ọ̀rẹ́ olóṣèlú, ìwé ìròyìn tó bá sì ń gbójú lé ìpolówó ọjà látọ̀dọ̀ ìjọba kí owó oṣù tó lè jáde, ẹ ò lè retí pé kó fi ojú ewé àkọ́kọ́ gbá ẹni tó ń bọ́ ọ lẹ́nu. Akọ̀ròyìn tó ń lọ oṣù mélòó kan láìgba owó, tí wọ́n wá fún ní àpòòwé lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn, kí ló fẹ́ kọ? Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀ rárá, ìtàn yẹn ò kàn ní jáde ni, ẹ ò sì ní mọ̀ láéláé pé ó wà. Àwa tá à ń jà fún òmìnira oníròyìn kì í sọ̀rọ̀ èyí tó bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ n wá yí ojú sí apá kejì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ pé kí oníkálukú máa sọ ohun tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ ń pa èèyàn. Lọ́dún 2014 nígbà tí Ebola wọ Èkó, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í tan án ká lórí fóònù pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún, pé àrùn ò ní mú wọn, kó tó di ọ̀sán àwọn èèyàn ti mu ún yó, ìròyìn jáde láti Jos pé èèyàn méjì kú. Ní Rwanda lọ́dún 1994, rédíò RTLM ló ń pe àwọn Tutsi ní aáyán, ó ń dárúkọ àwọn tí wọ́n máa pa, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń lọ pa wọ́n, kóòtù àgbáyé dá àwọn tó wà nídìí ẹ̀ lẹ́bi lọ́dún 2003, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ààlà wà gan-an nìyẹn, kò ṣòro mọ̀: ọ̀rọ̀ tó ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti lọ ṣe ẹlòmíì léṣe. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn owó kíláàsì.

Ìbanilórúkọjẹ́ náà, ààlà gidi ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síta pé o jí owó ìjọ, tó sì jẹ́ irọ́, o lè máà ríṣẹ́ mọ́, àwọn ọmọ ẹ ò ní lè gbójú sókè níléèwé. Òfin fún ẹ láǹfààní láti pe ẹni náà lẹ́jọ́, kó san owó, kó tọrọ àforíjì ní gbangba, kó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ náà ní ohun tó lè sọ: òótọ́ ni, ẹ̀rí ẹ̀ rèé, tàbí kó ní èrò ọkàn òun lòun sọ lórí ohun tó kan gbogbo ìlú, tàbí kó ní ohun tí wọ́n sọ ní kóòtù tàbí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lòun gbé jáde bó ṣe rí. Ọ̀nà yìí dáa torí òun nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè tí gbogbo wa ń béèrè, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́. Wàhálà tiwa ni pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, Criminal Code section 373 sí 375 tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ẹni tó bá ní ọlọ́pàá lọ́wọ́ kì í wá dúró de lọ́yà àti kóòtù mọ́, ó máa kọ pẹtísọ̀n ni, ọlọ́pàá á wá láti ìpínlẹ̀ míì, ó parí. Mẹ̀kúnnù tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ ò ní irú ọlọ́pàá yẹn. Ṣé ẹ rí i pé òfin yẹn ò tiẹ̀ dáàbò bo orúkọ gbogbo wa lọ́gbọọgba?

Ghana yọ ìbanilórúkọjẹ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn látọdún 2001, nígbà Kufuor. Àwọn èèyàn ṣì ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níbẹ̀, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ara wọn, Ghana ò dà wó. Lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà tó wà ní Arusha sọ nínú ẹjọ́ akọ̀ròyìn Burkina Faso kan, Lohé Issa Konaté, tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n ọdún kan, pé kò tọ́ láti máa fi ẹ̀wọ̀n jẹ èèyàn níyà torí ìbanilórúkọjẹ́, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le kọjá bẹ́ẹ̀, bíi kí èèyàn máa ti ìlú sí ìpànìyàn. Ohun tá à ń béèrè ò pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Kí òfin tó yí padà, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tó yẹ ká mọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fọ́wọ́ọ̀dù lórí WhatsApp, lójú òfin ẹ̀yin náà ti gbé e jáde nìyẹn, pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ò gbà yín. Kẹ́ ẹ fi 'wọ́n ní' tàbí 'a gbọ́ pé' síwájú ẹ̀ náà ò gbà yín. Ó yàtọ̀ kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ tí alága yìí ń ṣe ò dáa rárá, èrò yín nìyẹn, ó sì yàtọ̀ kẹ́ ẹ sọ pé alága yìí kó owó títì jẹ, ìyẹn nílò ìwé ẹ̀rí, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé náà síbi tó ju fóònù kan lọ. Tí wọ́n bá wá gbé yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí lọ́yà yín á fi dé, ẹ sì rí i pé ẹnì kan mọ orúkọ téṣọ́n ọlọ́pàá tí wọ́n ń gbé yín lọ, torí ìgbà tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí akọ̀ròyìn wà ni ewu pọ̀ jù. Administration of Criminal Justice Act ti 2015 tún sọ ní section 8 pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti aáwọ̀ láàrin ẹni méjì lásán.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ ni Freedom of Information Act ti 2011, torí ọ̀pọ̀ irọ́ tó ń lọ káàkiri, ibi tí wọ́n bá ti tọ́jú ìwé pamọ́ ló ti ń hù. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ látìgbà yẹn pé òfin náà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn, Supreme Court ti bá wọn parí ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, ó dé gbogbo ìpínlẹ̀. Iye tí wọ́n fún kọngílá, orúkọ kọngílá ọ̀hún, ọjọ́ tí wọ́n sanwó, gbogbo ẹ̀ lẹ lè béèrè, ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé wọn lọ sí kóòtù, tí kóòtù bá sì rí i pé wọn ò nídìí láti kọ̀, N500,000 ni owó ìtanràn ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé náà wà nínú ẹ̀, ó lè rán ẹlòmíì, ó sì lè lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ kó fi ẹnu sọ ohun tó fẹ́ mọ̀, òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.